Ẹ yé sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n fi spam sílẹ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan lẹ́bàá North Gate FUTA ní Àkúrẹ́, mo gbọ́ tí bọ̀dá tó ń bá wa tẹ fọ́ọ̀mù ń sọ fún ọmọbìnrin kan nípa spam, ibi tí Gmail ń kó ímeèlì tó bá fura sí pa mọ́ sí, pé: "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ wá dé spam? Ojúlówó kì í débẹ̀. Èyí tó bá ti wọ inbox, ẹ fọkàn balẹ̀." Àfi bí ẹni pé ọ̀dọ̀ Google ló ti ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ní 2019, ibi iṣẹ́ kan ní Alágbàká pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ń ṣọ́ inbox bí ẹni ń ṣọ́ oṣù ààwẹ̀. Spam ni ímeèlì wọn wà, láàárín ẹni tó ní mo jẹ lọ́tìrì ní Sípéènì àti ẹni tó ń ta oògùn ale. Ìgbà tí mo fi máa rí i, àná ni wọ́n ti ṣe é tán. Ká ní mo tún pẹ́ sí i ni, ǹ bá má rí i rárá, torí ọjọ́ 30 péré ni Gmail ń fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀ kó tó pa á rẹ́.

Asẹ́ tí Gmail fi ń ya spam sọ́tọ̀ kò mọ olóòótọ́ yàtọ̀ sí olè. Ó ń wo ọ̀rọ̀ inú ímeèlì, ó ń wo iye èèyàn tó ti tẹ "Report spam" fún irú rẹ̀, ó sì ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibi tó lóun ti wá náà ló ti wá. Iṣẹ́ àwọn ètò àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní SPF àti DKIM nìyẹn. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni Gmail ti sọ wọ́n di dandan fún ẹni tó bá ń fi ímeèlì tó 5,000 ránṣẹ́ sí i lóòjọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n oníjìbìtì tó ra dómeènì tirẹ̀ (orúkọ tó ń tẹ̀ lé @ nínú àdírẹ́sì ímeèlì), tó fi álífábẹ́ẹ̀tì kan péré yàtọ̀ sí ti báńkì yín, lè yege ìdánwò yìí, torí ilé ara rẹ̀ ló ti kọ̀wé lóòótọ́! Iléeṣẹ́ kékeré tí ẹni tó ṣe wẹ́búsáìtì wọn kò ṣètò rẹ̀ ló máa ń há sí spam.

Àwọn olè gba ímeèlì ọ̀rẹ́ mi kan mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀bẹ̀ owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, inbox ló balẹ̀ sí, àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ mi gan-an ló sì wà lórí rẹ̀.

Wọ́n á ní pàǹtírí ló pọ̀ jù ní spam. Ó pọ̀, mi ò jiyàn. Ìyá mi náà mọ̀ pé èèrí ló ń kù lójú asẹ́ ògì, síbẹ̀ wọ́n á tún un fún kí wọ́n tó dà á fún ewúrẹ́.

Lójú wa níbẹ̀ ni ọmọbìnrin náà ṣí spam rẹ̀: ímeèlì 212. Bọ̀dá ti gbé máòsì lọ síbi "Delete all spam messages now". Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.