Ọ̀rá Ikùn Kì í Bá Òógùn Jáde

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta, kò ṣòro láti rí àwọn tí wọ́n wọ aṣọ òtútù tó nípọn, tí wọ́n tún fi láílọ́ọ̀nù wé ikùn lábẹ́ rẹ̀, tí wọ́n sì ń sáré lójú títì. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ooru yóò yọ́ ọ̀rá ikùn, àti pé òógùn tó ń kán sílẹ̀ ni ọ̀rá náà tó ti di omi. Àwọn mìíràn kì í wé nǹkan kan mọ́ ara, ṣùgbọ́n wọn a máa ṣe sit-up ní àràárọ̀, ìyẹn ni kí ènìyàn fẹ̀yìn lélẹ̀ kí ó sì máa gbé àyà dìde léraléra, nítorí wọ́n gbà pé ibi tí ó bá ń ta ènìyàn ni ọ̀rá ti ń jó. Ọmọ ìyá ni ìgbàgbọ́ méjèèjì. Ohun tí wọ́n dúró lé ni pé a lè yan ibi tí ọ̀rá yóò ti kúrò lára wa, kí a dojú ìjà kọ ibẹ̀ nìkan, kí a sì ṣẹ́gun. Ara ènìyàn kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti dán an wò.

Kí á kọ́kọ́ yẹ òógùn wò. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ni ara fi ń ṣe é. Nígbà tí ara bá gbóná, àwọn ẹṣẹ́ kéékèèké tó wà lábẹ́ awọ a fa omi àti iyọ̀ díẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀, wọn a tú u sí ojú awọ, bí omi náà bá sì ti ń gbẹ ni ara ń tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Láílọ́ọ̀nù tí a wé mọ́ ikùn kì í jẹ́ kí òógùn gbẹ, nítorí náà ara kò rí ìtútù tó ń wá, yóò sì máa tú òógùn mìíràn jáde sí i láìsí èrè. Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀ lè rí i pé òun ti fi kílò 1 tàbí 2 fúyẹ́, inú rẹ̀ a sì dùn, àmọ́ omi ni ó lọ, bí ó bá sì ti mu omi tó, tí ó jẹun, gbogbo rẹ̀ ni yóò padà.

Ìṣirò kékeré kan yóò tún fi ọ̀rọ̀ náà hàn kedere, nítorí ìdá tí ọ̀rá kó nínú ara ni ó yẹ kí á máa lé, kì í ṣe ìwọ̀n ara lásán. Ẹni tó wọn kílò 80, tí kílò 24 nínú rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ní ìdá ọ̀rá 30 nínú 100. Bí ó bá làágùn kílò 2 dànù láàárọ̀, ọ̀rá rẹ̀ ṣì jẹ́ kílò 24, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti di kílò 78, èyí tó mú kí ìdá ọ̀rá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 31 nínú 100. Lẹ́yìn gbogbo wàhálà yẹn, ìdá ọ̀rá rẹ̀ ti pọ̀ ju bí ó ti wà kí ó tó jáde nílé lọ.

Ọ̀rọ̀ náà sì lè kọjá ẹ̀rín. Ní ìparí ọdún 1997, láàárín nǹkan bí oṣù kan péré, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ja ìjàkadì fún ilé ẹ̀kọ́ gíga wọn ní Amẹ́ríkà ni ó kú níbi tí wọ́n ti ń gbìyànjú láti dín ìwọ̀n ara wọn kù kíákíá, pẹ̀lú aṣọ rọ́bà, ìdárayá nínú ooru àti àìmu omi tó. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ni NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá láàárín àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà, fi òfin de aṣọ rọ́bà fún àwọn oníjàkadì. Ọ̀dọ́ tí ara wọn le koko ni àwọn yẹn o. Bàbá ẹni ọdún 55 tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tó wá ń fi láílọ́ọ̀nù sáré nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, kò ní ìdí kankan láti rò pé ewu náà kò kan òun.

Níbo wá ni ọ̀rá ń gbà jáde? Imú àti ẹnu ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, Ruben Meerman àti Andrew Brown láti Yunifásítì New South Wales ní Ọsirélíà tẹ ìṣirò kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ. Wọ́n fi hàn pé bí ara bá jó kílò 10 ọ̀rá tán pátápátá, kílò 8.4 nínú rẹ̀ yóò di carbon dioxide tí ẹ̀dọ̀fóró ń mí síta, kílò 1.6 tó kù yóò sì di omi tí yóò bá ìtọ̀, èémí, òógùn àti omi ara mìíràn lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí jókòó kí ó máa mí gúlegúle, nítorí ìwọ̀n ọ̀rá tí iṣẹ́ tí ara ń ṣe bá béèrè fún ni ara yóò jó, èémí kàn ń kó ẹ̀yìn rẹ̀ jáde ni.

Ti sit-up ni ó le díẹ̀ láti jiyàn, nítorí ìdárayá gidi ni, ó sì ń ṣe ara lóore. Àmọ́ oore tí a ń retí kọ́ ni ó ń ṣe. Ní ọdún 1971, àwọn onímọ̀ ní California wọn ọ̀rá abẹ́ awọ apá méjèèjì àwọn agbábọ́ọ̀lù tẹ́níìsì. Apá kan ṣoṣo ni àwọn wọ̀nyí fi ń gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún pípẹ́, iṣan apá náà sì tóbi ju ti èkejì lọ lóòótọ́. Bí iṣẹ́ bá ń yọ ọ̀rá níbi tí a ti ń ṣe é, ó yẹ kí ọ̀rá apá yẹn fẹ́lẹ́ ju ti èkejì lọ. Kò fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Ní ọdún 1984, àwọn ẹlòmíràn tún ní kí ọkùnrin 13 ṣe sit-up fún ọjọ́ 27, tí àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lé ní 5,000, wọ́n sì yọ ọ̀rá díẹ̀ lára ikùn, ẹ̀yìn àti ìdí wọn ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀ láti wọn bí hóró ọ̀rá, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì kéékèèké tí ara ń kó ọ̀rá pamọ́ sí, ṣe tóbi tó. Bí hóró ọ̀rá ikùn ṣe kéré sí i náà ni ti ẹ̀yìn àti ti ìdí ṣe kéré sí i. Ikùn kò rí ojúrere kankan gbà. Ìwádìí mìíràn ní ọdún 2011, tó fi ìdárayá ikùn ọlọ́sẹ̀ 6 dán ènìyàn 24 wò, kò rí ìdínkù nínú ọ̀rá ikùn àwọn tó ṣe é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣan ikùn wọn lè pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Iṣan ikùn kò ní ẹnu tí ó lè fi jẹ ọ̀rá tó bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tí ara bá nílò agbára, họ́mónù bíi adrenaline a bá ẹ̀jẹ̀ rìn káàkiri gbogbo ara, yóò sì pàṣẹ fún àwọn hóró ọ̀rá níbi gbogbo pé kí wọ́n tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó pamọ́. Ohun tí wọ́n tú sílẹ̀ yóò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò sì gbé e lọ fún iṣan tó ń ṣiṣẹ́, ibi yòówù kí iṣan náà wà. Bí àká ilé ńlá kan ni ó rí: gbogbo agboolé ni ó ń jẹ nínú rẹ̀, ẹni tó ń sùn sí ẹ̀gbẹ́ àká kò sì ní ìpín tó ju ti àwọn tó kù lọ. Bí ọ̀rá yóò ṣe tètè kúrò níbì kan ju ibòmíràn lọ wà lọ́wọ́ àjogúnbá, ọjọ́ orí àti bí ènìyàn ṣe jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa kó o sí ikùn, ọ̀pọ̀ obìnrin a máa kó o sí ìdí àti itan, títí di ìgbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, tí ti àwọn náà yóò wá máa yà sí ikùn.

Kí n má bàa fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́, ìwádìí kan láti Copenhagen ní ọdún 2007 rí i pé ọ̀rá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ a máa rí ẹ̀jẹ̀ gbà díẹ̀ sí i, a sì máa tú díẹ̀ sí i sílẹ̀ ju ọ̀rá ẹsẹ̀ kejì tó ń sinmi lọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ kéré débi pé téèpù télọ̀ kò lè rí i, kò sì yí ìmọ̀ràn kankan padà. Ìṣẹ́jú 10 sit-up kò jó ju nǹkan bíi kálórì 50 lọ fún ẹni tó wọn kílò 80 (kálórì ni a fi ń wọn agbára inú oúnjẹ àti èyí tí ara ń lò), bẹ́ẹ̀ kílò 1 ọ̀rá ara fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kálórì 7,700.

Ti àgbo àti tíì tí wọ́n ń pè ní apakùn kò gba àlàyé púpọ̀. Ewé àsunwọ̀n, tàbí àwọn ìbátan rẹ̀, ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ìyàgbẹ́ sì ni iṣẹ́ rẹ̀. Ìfun ńlá ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nígbà tó jẹ́ pé ìfun kékeré ti fa agbára inú oúnjẹ tán kí ó tó débẹ̀. Ìgbẹ́ àti omi ni ó ń kó jáde. Ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ sì lè pàdánù èròjà potassium tí ọkàn nílò láti máa lù déédéé.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ìdáná. Ní ilẹ̀ wa, èbà ni a máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù. Ẹni tó fẹ́ fọn yóò kọ́kọ́ pa èbà tì lálẹ́, lẹ́yìn náà ni yóò wá bu ẹ̀fọ́ rírò tí epo léfòó lórí rẹ̀ sínú abọ́ ńlá, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ẹ̀fọ́ kì í múni sanra. Ṣíbí ìjẹun ńlá kan epo pupa wọn nǹkan bíi gíráàmù 14, ó sì ní kálórì tó tó 120, nígbà tí gíráàmù 14 gààrí gbígbẹ kò ní ju nǹkan bí 50 lọ. Ta ni ó sì ń fi ṣíbí wọn epo nínú ìdáná wa? Láti inú kẹ́ẹ̀gì ni ó ti ń dà gọ̀ọ́gọ̀ọ́ sínú ìkòkò. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni se ọbẹ̀ láìsí epo, nítorí ọbẹ̀ tí kò ṣeé jẹ kì í pẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n fífi ṣíbí wọn epo fún ọ̀sẹ̀ kan yóò kọ́ ènìyàn ní ohun tí ẹgbẹ̀rún sit-up kò lè kọ́ ọ. Ìgò ẹlẹ́rìndòdò aládùn 50cl kan náà lè ní ṣúgà tó tó gíráàmù 50, ìyẹn kálórì 200, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí ebi. Bí ènìyàn bá mú epo àti ẹlẹ́rìndòdò wá sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ fi dín ní nǹkan bíi kálórì 500 sí ohun tí ara rẹ̀ ń lò, ó lè retí kí nǹkan bí ìdajì kílò máa lọ lọ́sẹ̀ kan ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa falẹ̀, nítorí ara tó kéré sí i kò nílò agbára tó pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà tí kílò fi ń lọ ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí á padà sí ẹni kílò 80 wa. Bí ó bá fi kílò 6 fọn, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀rá, ó ku ọ̀rá 18 nínú 74, ìdá rẹ̀ sì ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 24 nínú 100. Bí ó bá jẹ́ pé ebi ni ó fi para, tí kò fi iṣan ṣiṣẹ́, tí ìdajì kílò 6 náà sì jẹ́ ẹran ara rẹ̀, ọ̀rá 21 ni ó kù nínú 74, ìdá rẹ̀ kò sì wálẹ̀ ju 28 lọ. Òṣùwọ̀n yóò sọ ohun kan náà fún àwọn méjèèjì. Ohun tó ń pa iṣan mọ́ ni oúnjẹ amáradàgbà, bí ẹyin, ẹja, adìyẹ, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín àti wàrà, pẹ̀lú iṣẹ́ tó le fún iṣan: gbígbé ohun tó wúwo, títi ara sókè láti ilẹ̀, jíjókòó lófìfo kí a sì dìde. Bí sit-up bá wà lára wọn, kò burú, àyè tirẹ̀ nìyẹn.

Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wákàtí kan fún ẹni kílò 80 kan náà ń lo nǹkan bíi kálórì 300, ó sì ní àǹfààní mìíràn tí láílọ́ọ̀nù kò ní. Oríṣi méjì ni ọ̀rá ikùn: èyí tí a lè fọwọ́ mú lábẹ́ awọ, àti èyí tó fara pamọ́ sáàárín ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Èkejì yìí ni ó súnmọ́ àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn jù, òun náà sì ni ìrìn àti eré sísá ń tètè dín kù, nígbà mìíràn kí òṣùwọ̀n tó fi ìyàtọ̀ kankan hàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe irú ìdárayá tí kò le jù bẹ́ẹ̀, kí ó sì fún iṣan níṣẹ́ ó kéré tán ní ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀.

Nípa wíwọ̀n, òṣùwọ̀n ilé tó ń sọ ìdá ọ̀rá ń fi iná mànàmáná díẹ̀díẹ̀ gba inú ara kọjá, omi ara ni ó sì fi ń ṣe ìṣirò, nítorí náà ẹni tó bá gùn ún lẹ́yìn tí ó làágùn tán yóò gba èsì tí kò péye. Téèpù tí télọ̀ ń lò sàn jù fún ọ̀pọ̀ wa: kí a wọn àyíká ikùn láàárọ̀ kí a tó jẹun, ní àárín ìhà àti egungun ìbàdí, lẹ́yìn tí a ti mí síta láìfa ikùn wọlé. Sẹ̀ǹtímítà 94 fún ọkùnrin àti 80 fún obìnrin ni ìwọ̀n tí ewu àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ga sí i, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sì tó láti wọ̀n ọ́n.