Ẹ Yé É Pe Gbogbo Àwókù Ní Òkúta

Ìpàdé onílé àdúgbò wa ní Tankẹ, nílùú Ìlọrin, lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló bí ọ̀rọ̀ yìí. A ń sọ̀rọ̀ kòtò tí òjò gbẹ́ sójú ọ̀nà wa, a fẹ́ dáwó ra yẹ̀pẹ̀ pupa. Ni Àlàájì kan bá dìde, wọ́n ní kí la fẹ́ náwó sí? Wọ́n ń wó ilé àtijọ́ kan nítòsí Ọjà Ọba, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún èèyàn ní àwókù rẹ̀, ká ní kí típà kó mẹ́rin wá. "Òkúta ṣáà ni. Ohun tó gbé ilé ró fún ọgọ́ta ọdún, ṣé ọ̀nà ni ò ní lè gbé?" Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Mo nawọ́ sókè, alága ní ìrun Aláásárì ti tó.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí.

Páánù ló gbé ilé yẹn ró fún ọgọ́ta ọdún. Alámọ̀ ni ilé náà, mo mọ̀ ọ́n. Níwọ̀n ìgbà tí òrùlé bá wà lórí ògiri alámọ̀, tí òjò ò kàn án, kò sóhun tó máa ṣe é. Ẹ wá ká òrùlé náà, kẹ́ ẹ da ògiri sínú kòtò tí omi ń dúró sí, kẹ́ ẹ wá máa pè é ní òkúta!

Ojú mi rí i kí n tó máa sọ ọ́. Lọ́dún 2016 mo kọ́ ṣọ́ọ̀bù yàrá méjì sí Gáà Àkánbí. Nígbà tó kan kí wọ́n kún inú ìpìlẹ̀ kí wọ́n tó da jámánì-flọ́ọ̀, ìyẹn kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé, ọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kó àwókù típà méjì wá, àlàpà àti búlọ́ọ̀kù pa pọ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Wọ́n lù ú mọ́lẹ̀, ó ń dún kó-kó-kó, inú mi dùn pé mo ti rí owó yẹ̀pẹ̀ fi pamọ́. Nígbà tí òjò oṣù kẹsàn-án parí, flọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù kejì ti ya láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ẹ̀yìn, igun kan sì ti rì. A fọ́ ọ. Abẹ́ rẹ̀ ṣófo, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá. Àmọ̀ inú àwókù yẹn ti yọ́, ó ti ṣàn sáàárín àwọn búlọ́ọ̀kù, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀. Àwọn búlọ́ọ̀kù fúnra wọn wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe kó wọn sí i. Flọ́ọ̀ méjì ni mo sanwó fún nítorí ohun tí wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni.

Àtìgbà náà ni mo ti ń lo garawa. Ẹ mú àfọ́kù kọ̀ọ̀kan tó tó ẹ̀kúnwọ́, ẹ sọ wọ́n sínú omi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lálẹ́, ẹ lọ sùn. Tílẹ̀ bá mọ́, èyí tó jẹ́ ògiri alámọ̀ á ti di ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ garawa. Kọnkéré ò ní yí padà rárá. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tó tó ṣe á dúró. Èyí tí wọ́n fi yanrìn tan ẹni tó rà á jẹ, ẹ fi èékánná ha á, á máa wọ́. Táìlì ò ní mira. Ẹ wá mú àfọ́kù ìkòkò kan tí wọ́n mọ ní Dada, ní Òkèléélé, kẹ́ ẹ sọ òun náà sí i. Àmọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ògiri yẹn, àmọ̀ inú ilẹ̀ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìkòkò ti wọ iná. Á mu omi díẹ̀, kò ní yọ́. Ẹ ò rí i pé orúkọ "àmọ̀" gan-an kò tó láti fi mọ ohun tí nǹkan jẹ́, ká má tiẹ̀ sọ "àwókù".

Wọ́n ní àwọn bàbá wa náà ń tún àlàpà lò. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ń bomi pò ó, wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì tún fi ń mọlé. Ẹ sọ èyí tó kó o sábẹ́ kọnkéré fún mi.

POP wá ńkọ́, gypsum funfun tí wọ́n fi ń ṣe síílìn? Funfun ni, ó le, ó jọ òkúta. Òun náà ń yọ́ sínú omi, nǹkan bíi gíráàmù méjì nínú lítà kan, àti pé sulphate, irú iyọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀, máa ń bá sìmẹ́ǹtì jà. Ohun tí wọ́n bá jọ dì á wú, kọnkéré á ya. Tó bá tún bá ìdọ̀tí jíjẹrà níbi tí omi wà tí afẹ́fẹ́ ò dé, kòkòrò tíntìntín á sọ ọ́ di òórùn ẹyin tó bàjẹ́, òórùn náà kì í sì í ṣe ohun à ń fà símú. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà kí wọ́n da ohun tí wọ́n fi gypsum ṣe pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí tó ń jẹrà.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù, garawa ò lè dá a mọ̀. Ilé àtijọ́ yẹn ní àkọ́kún lẹ́yìn, tí wọ́n fi pátákó eléérú ṣe síílìn rẹ̀, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìjọba àtijọ́. Gbogbo alángbá ló dànú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Tó bá jẹ́ àsíbẹ́sítọ́sì, ìyẹn fọ́nrán tíntìntín tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ bí òkúta, ló wà nínú rẹ̀, ìgbà tí ẹ bá fọ́ ọ ni ewu bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé kó o sí ipele kìíní, ibi tí wọ́n ń kó ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ sí. Ẹni tó fà á símú lónìí lè má mọ̀ fún ogún sí ogójì ọdún, kí àìsàn tó jáde lára awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Ìlú Ọba ti fòfin de gbogbo irú rẹ̀ láti ọdún 1999. Àwa fẹ́ dà á sójú ọ̀nà kí táyà ọkọ̀ máa lọ̀ ọ́, kí ọyẹ́ sì gbé e wọlé tọ àwọn ọmọ wa. Mo gbà, kì í ṣe gbogbo pátákó eléérú ló ní in, yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ. Ìdí nìyẹn tí a ò gbọdọ̀ fọ́ ọ.

Ẹnì kan sọ fún mi lẹ́yìn ìpàdé pé tí a bá sáà ti fi ẹ̀rọ lọ gbogbo rẹ̀, á di ọ̀kan. Ẹ̀rọ kì í ṣe ọṣẹ. Ní Yúróòpù, nọ́ńbà ni wọ́n ń fún ohun tó bá jáde lára ilé wíwó: kọnkéré 17 01 01, bíríkì 17 01 02, táìlì 17 01 03, gypsum 17 08 02. Ti àsíbẹ́sítọ́sì, 17 06 05, ní ìràwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ń sọ pé ó léwu. Tí yanrìn àti òkúta tó mọ́ bá jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, nọ́ńbà wọn á yí padà sí 19 12 09. Àdàlù tí ohun eléwu ṣì wà nínú rẹ̀ á di 19 12 11, ìràwọ̀ rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Wọ́n lọ̀ ọ́, ìràwọ̀ ò lọ.

Mo ti bá awakọ̀ típà sọ̀rọ̀. Kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù tó le nìkan ni kó kó wá, kó fi àlàpà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọlé, kó má sì fọwọ́ kan síílìn. Ó ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù, ó fẹ́ àfikún owó. A ó san án.

Lánàá, mo yà síbi tí wọ́n ti ń wó ilé náà, mo mú ẹyọ kan nínú òkúta Àlàájì, mo sọ ọ́ sínú garawa lẹ́yìn ìrun Ìṣáì. N ò tíì jẹun alẹ́ tán tí omi ti pupa. Ó wà lẹ́yìn ilé mi, kí wọ́n wá wò ó.