Ẹ má tíì lọ ra RAM: ibi tí fódà yín wà ló ń mú kọ̀nténà falẹ̀

Bí èèyàn bá ti ní Docker, irinṣẹ́ tí ń mú ètò ṣiṣẹ́ nínú àpótí àdádó tí à ń pè ní kọ̀nténà, ń wọ́ bí ìgbín lórí láptọ́ọ̀pù òun, ìdáhùn kan náà ni wọ́n máa ń fún un ní Ifẹ̀ níbí, pàápàá láàárín àwa tá a ń kọ kóòdù ní Mayfair: "RAM rẹ ò tó." Èmi náà gbà á gbọ́. Mo tu owó jọ, wọ́n sọ 8GB di 16GB fún mi. Mo délé, mo tẹ `npm install` nínú kọ̀nténà, àṣẹ tí ń kó kóòdù tí iṣẹ́ mi nílò wá. Mo rẹ gààrí, mo mu ún tán, mo fọ abọ́, ó ṣì ń yí.

RAM ò mọwọ́mẹsẹ̀. Inú kẹ́nẹ́lì Linux, ọkàn ètò náà, ni namespaces (tó ń pààlà sí ohun tí kọ̀nténà ń rí) àti cgroups (tó ń díwọ̀n ohun tó ń lò) tí kọ̀nténà Linux fi ń dá dúró wà. Windows àti Mac ò ní wọn. Nítorí náà, Docker Desktop máa ń gbé odidi Linux kan kalẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà yín, ìyẹn virtual machine (VM), inú rẹ̀ ni kọ̀nténà ń gbé. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Ubuntu gangan, irú Linux kan, láìlo Docker Desktop, ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín.)

Bẹ́ ẹ bá wá fi `-v`, àmì inú àṣẹ `docker run`, so fódà Windows mọ́ kọ̀nténà, kì í ṣe pé ó ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Fáìlì yín gan-an ni. Ẹni tó bá fi `rm -rf` pa fódà náà rẹ́ nínú kọ̀nténà á sunkún lórí Windows. Gbogbo ìgbà tí kọ̀nténà bá fẹ́ ṣí fáìlì, ó di dandan kó ránṣẹ́ kọjá sí Windows, kó dúró gbèsì. Fáìlì kan ò ni í lára, àmọ́ node_modules, fódà tí `npm install` ń kó nǹkan sí, kún fún fáìlì tíntìntín lọ́kẹ́ àìmọye. Bí ẹni ń se ọbẹ̀ ní Mayfair ló rí, tó ń rán ọmọ lọ sí ọjà Odò-Ògbè: ata kan, padà wá, àlùbọ́sà kan, padà wá. Ìyá ọlọ́bẹ̀ wá lọ ra ìkòkò ńlá!

Abẹ́ `/mnt/c` ni fódà tèmi wà, dráìfù C ti Windows tí WSL 2 (Linux tí ń gbé inú Windows) ń fi 9P, ọ̀nà ìránṣẹ́ fáìlì, kà. Mo fi `git clone` da iṣẹ́ náà kọ sínú `~`, fódà ilé Ubuntu inú WSL, mo tún tẹ `npm install`. Omi tí mo fẹ́ fi rẹ gààrí ò tíì kún kọ́ọ̀bù tó fi parí. Ojú ewé tí kì í yí padà fúnra rẹ̀ bí mo bá tún kóòdù ṣe náà gbọ́ràn: tẹ́lẹ̀, ìròyìn inotify, tí Linux fi ń sọ pé fáìlì ti yí padà, kì í dé inú kọ̀nténà láti dráìfù Windows. Lórí Mac, ẹ yan VirtioFS, ọ̀nà pínpín fáìlì tó yára, nínú ètò Docker, kẹ́ ẹ sì fi node_modules sínú volume, ibi ìpamọ́ Docker tí í gbé inú VM fúnra rẹ̀.

Bí kọ̀nténà bá kú lójijì tó sì fi nọ́ńbà ìjáde 137 sílẹ̀, àmì pé wọ́n fipá pa á, ẹ lè fura sí RAM nígbà yẹn. Tèmi tí mo rà ò kúkú ṣòfò. Chrome ń jẹ ẹ́.