Ọwọ́ Ọmọdé Kò Tó Pẹpẹ

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìdajì àkọ́kọ́ òwe yìí ló máa ń dùn mọ́ àwa àgbà Èkìtì lẹ́nu jù, pàápàá bí a bá ń bá ọmọ tó gbójú wí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sọ pé àwọn alágbára nìkan ló ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ìdajì kejì ni kí ẹ fi wò ó.

Òótọ́ ni pé pẹpẹ ga. Nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò àjọ náà, tó ń rí sí àlàáfíà àgbáyé, ẹyọ kan ṣoṣo nínú Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fagi lé ohun tí àwọn yòókù fẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1974, nígbà tí àwọn ará Áfíríkà ní kí wọ́n lé Gúúsù Áfíríkà kúrò nínú àjọ náà nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún yìí kọ̀ jálẹ̀. Àmọ́ ní Àpéjọ Gbogbogbò, níbi tí orílẹ̀-èdè kékeré àti ńlá ti ní ìbò kọ̀ọ̀kan, àwọn tí a ń pè ní ọmọdé para pọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn aṣojú ìjọba náà jókòó mọ́ láti oṣù Kọkànlá ọdún yẹn títí di 1994.

Kèrègbè tí ọwọ́ àwọn alágbára kò lè wọ̀ láìsí àwa náà wà. Àrùn kò mọ ibodè: bí rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ bá ṣẹ́kù sí abúlé kan, ọmọ olówó òkè òkun kò tíì bọ́. Owó oògùn àjẹsára lè ti ọ̀dọ̀ àwọn olówó náà wá, ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé kúlà kọ́ èjìká káàkiri agboolé ní Adó àti Ìkẹ́rẹ́, tó ń kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu, tó ń fi tàdáwà sàmì sí i níka, tó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé irú kòkòrò àrùn náà tó ń jà káàkiri fúnra rẹ̀, tí kì í ṣe èyí tó ti ara oògùn àjẹsára wá, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà.

Ní IMF, àjọ àgbáyé tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó, owó ni wọ́n fi ń ka ìbò, kì í ṣe orí. Ìpinnu ńlá ń fẹ́ ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ti Amẹ́ríkà nìkan sì ju ìdá 16 lọ. Nítorí náà, kí ẹ tó yọ̀ tàbí kí ẹ tó bú ìjọba wa lórí ohun tí wọ́n gbé lọ sí àjọ kan, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń dìbò níbẹ̀. Láti ọdún 2005 ni Áfíríkà ti ń béèrè ìjókòó títí láé méjì nínú Ìgbìmọ̀ Aláàbò; ìdá méjì nínú mẹ́ta orílẹ̀-èdè 193 lè fọwọ́ sí i, kò tíì tó, àfi bí àwọn márùn-ún náà bá gbà.