Orí ilẹ̀ ni àwọn dáínósọ̀ ọlọ́rùn gígùn gbé, kì í ṣe inú omi

Àwòrán kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp: Brachiosaurus, ọ̀kan lára àwọn ẹran ńlá ayé àtijọ́ wọ̀nyí, nínú adágún omi, orí nìkan ló yọ síta. Wọ́n ní ó wúwo débi pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e lórí ilẹ̀.

Irọ́ ni. Elmer Riggs, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó sọ ẹran náà lórúkọ ní 1903, ti sọ pé ẹran ilẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á sí. Ó dùn mí pé a ṣì ń pín àṣìṣe ọjọ́ náà kiri. Ní 1951, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn, Kenneth Kermack, ṣàlàyé pé bí irú ẹran bẹ́ẹ̀ bá rì tó fi ku orí nìkan, omi yóò fún un láyà débi pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò ní lè fẹ̀ gba afẹ́fẹ́. Kò ní lè mí!

Ẹ tún wo egungun wọn. Ti ẹsẹ̀ ki, ó sì dúró ṣánṣán bí òpó. Ti ọrùn ní ihò tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi fúyẹ́. Ewé ni oúnjẹ wọn, wọn kì í rún un, ṣe ni wọ́n ń gbé e mì. Ní Auca Mahuevo ní Ajẹntínà, orí ilẹ̀ ni ẹ̀yà wọn kan yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin sí.