Kérésì ń bọ̀, orúkọ ta ló wà nínú lísìtì yín?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìmúra ọdún o. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀ n'Ìbàdàn níbí, ètè ti ń gbẹ, àwọn telọ̀ ti ń sọ pé àwọn ò gba aṣọ mọ́, àwọn tó ń ta adìyẹ náà ti to àgò sí etí títì, kò sẹ́ni tí wọ́n tún máa sọ fún pé Kérésì ti dé tán. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi nípa bí àwa Kìrìsìtẹ́nì ṣe ń múra ọdún yìí, mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí tí owó ṣì wà lọ́wọ́ wa díẹ̀, torí tá a bá sọ ọ́ lẹ́yìn ọdún kò wúlò mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà rèé: kẹ́ ẹ tó gbéra lọ ọjà, ẹ kọ orúkọ ẹlòmíì sínú lísìtì yín. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ fún un ní èyí tó bá ṣẹ́kù o. Mo ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ ẹ̀, ẹnì kan pàtó tẹ́ ẹ mọ ojúlé ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ rà fún un àti iye tẹ́ ẹ máa ná sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sókè pátápátá, kó ṣáájú tòlótòló àti aṣọ àwọn ọmọ, torí ohun tó bá wà nísàlẹ̀ lísìtì, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí, owó á ti tán kó tó kàn án.

Lọ́dọọdún la máa ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ìnáwó ti gba Kérésì lọ́wọ́ Jésù, pé ọjà nìkan la gbájú mọ́. Ohun tí wọ́n ń wí yé mi, àmọ́ bí àwọn kan ṣe máa ń sọ ọ́ kì í dùn mọ́ mi nínú, bíi pé ìyá tó jí ní ìdájí tó wọ mọ́tò lọ Bódìjà lọ ná tòmátò, ẹ̀ṣẹ̀ ló lọ dá. Ilé ẹ̀ ló ń tọ́jú. Èmi ò rí i pé ọjà ń bá ìgbàgbọ́ jà, ohun tá a bá gbé lọ́kàn wọ ọjà ló ṣe pàtàkì.

Ẹni tó bá sì mọ ọjà á mọ̀ pé ìmúra Kérésì gba ọgbọ́n. Àlùbọ́sà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà torí kì í tètè bàjẹ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, ẹ má dì í mọ́nú ọ̀rá. Ìrẹsì àti òróró náà, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ Kérésì gan-an, torí láti àárín Dìsẹ́ńbà lọ ṣe ni owó gbogbo nǹkan máa ń gbéra, owó mọ́tò gan-an kì í gbẹ́yìn. Tòmátò ni kò ṣeé rà sílẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá máa lọ̀ ọ́ mọ́ tàtàṣé àti rodo kẹ́ ẹ bọ̀ ọ́ títí omi ara ẹ̀ á fi gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi òróró dín in dáadáa, ìyẹn lè lo ọjọ́ mélòó kan láìsí iná NEPA, kẹ́ ẹ ṣáà máa gbé e kaná láàárọ̀ lálẹ́. Tó bá jẹ́ Ọ̀fadà lẹ fẹ́ sè, ẹ jókòó kẹ́ ẹ ṣà á lójú mọmọ, ẹ má dúró di alẹ́ ọdún kẹ́ ẹ tó máa wá òkúta inú ẹ̀ kiri.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, onídìrí ni. Láti Jánúárì ló ti gba káàdì àjọ oúnjẹ, káàdì pelebe kan báyìí tí wọ́n fa ìlà sí, tó bá ti san ti ọ̀sẹ̀ kan alájọ á fi bírò pupa máàkì í. Inú báàgì tó ń kó òòyà sí ló máa ń fi í sí, etí káàdì náà ti ká, ìpara irun ti yí i lára, àmọ́ kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí wọn ò máàkì. Tó bá di Dìsẹ́ńbà wọ́n á gbé ìrẹsì fún un, òróró, tòmátò inú agolo, màgí àti adìyẹ kan. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé ohun ti ara ni obìnrin yẹn ń lé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ wà tí oníbàárà ò wá, tó jẹ́ pé owó tó yẹ kó fi jẹun ọ̀sán ló fi san án, torí àwọn ọmọ ẹ̀. Àti pé ní Jánúárì ló ti gbà pé Ọlọ́run á jẹ́ kóun rí Dìsẹ́ńbà, kí ló tún ń jẹ́ ìgbàgbọ́?

Ohun tí mi ò fara mọ́ ni gbèsè ọdún. Ẹ̀yin bàbá àti ìyá, ẹ má lọ gba owó lórí àwọn ápù tó ń yáni lówó wọ̀nyẹn torí aṣọ Kérésì, èlé wọn ò láàánú, tí ọjọ́ bá sì pé wọ́n á máa fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ wà lórí fóònù yín, títí kan àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Jánúárì gùn, owó sùkúù ń dúró níbẹ̀. Aṣọ èṣí tẹ́ ẹ fọ̀ tẹ́ ẹ lọ̀ tó gún régé, ọmọ á wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run ò ní lé e padà, inú ọmọ yẹn sì máa dùn ju ti èyí tó wọ kóòtù tuntun tí bàbá ẹ̀ ò lè gbé fóònù láti àárọ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ọjọ́ Kérésì gan-an ò sí nínú Bíbélì. Òótọ́ ni, Bíbélì ò sọ ọjọ́ tí wọ́n bí Jésù, ní Róòmù ni àkọsílẹ̀ ọdún 336 ti fi hàn pé wọ́n ń ṣe é ní ọjọ́ 25 oṣù Dìsẹ́ńbà. Ìjọ Deeper Life máa ń lọ sí ìpàgọ́ lásìkò náà, àwọn Sẹ̀lẹ́ á wọ aṣọ funfun rọ́ lọ sí Ìmẹ̀kọ, àwọn mìíràn láti orílẹ̀-èdè Benin pàápàá, àwa Áńgílíkà á kọ kárọ̀lù. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ẹni tá a torí ẹ̀ péjọ ló jẹ mí lógún.

Nílé tiwa, láti Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì la ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Sọ́ńdè mẹ́rin ló ṣáájú Kérésì, ìmúra ni wọ́n wà fún, àmọ́ ọ̀pọ̀ wa ti fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ a máa ń ka Lúùkù orí kìíní àti ìkejì díẹ̀díẹ̀, Bíbélì Yorùbá la fi ń kà á, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àtàwọn tó bá a ṣiṣẹ́ tú, tí odindi ẹ̀ jáde lọ́dún 1884. Àwọn ọmọ máa ń kọsẹ̀ níbi àmì ohùn, bàbá wọn á tún un kà fún wọn, a ò kì í kánjú. Lálẹ́ ọjọ́ kan la kà á débi tí Jósẹ́fù àti Màríà ti dé Bẹ́tílẹ́hẹ́mù nítorí orúkọ tí Késárì ní kí gbogbo ayé lọ kọ sílẹ̀, tí àyè ò sí fún wọn nílé èrò, tí Màríà fi ọ̀já wé ọmọ tó tẹ́ ẹ sí ibùjẹ ẹran. Èyí àbúrò béèrè pé, 'Mọ́mì, ṣé wọn ò rí i pé ó lóyún ni?' Mi ò rí èsì kankan fún un. Bàbá wọn ló ní ká mú bírò wá.

Ibẹ̀ la ti kọ lísìtì ọdún náà, lórí tábìlì oúnjẹ, pẹ̀lú àwọn ọmọ. Orúkọ ìyá àgbà kan tí ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo ti ṣaláìsí ló kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn. Mo ti rò pé àwọn ọmọ ò rí i. Wọ́n rí i o, wọ́n mọ̀ pé kò kì í jókòó síta mọ́.

Ẹ sì jẹ́ n sọ bó ṣe dáa ká ṣe é, torí ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Abọ́ ìrẹsì tá a máa ń gbé kiri lọ́jọ́ Kérésì dáa, àṣà wa ni, kó má parun. Àmọ́ fún ẹni tí kò ní, ẹ fún un ní tútù, kẹ́ ẹ sì tètè fún un. Kóńgò ìrẹsì, òróró, àlùbọ́sà, ata, adìyẹ tó ṣì ń ké, kó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọdún ó kéré tán. Ẹ ronú ìyá tó lọ́mọ mẹ́ta, tí ilé ọ̀tún ti ń dín ẹran, tí ilé òsì ti ń gún ata, tí àwọn ọmọ ẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń wò bóyá ẹnì kan á gbé abọ́ bọ̀. Abọ́ náà lè dé ní aago méjì, ó lè dé ní aago mẹ́rin, kálukú ló ń retí kí èèyàn tiẹ̀ kọ́kọ́ jẹun. Tó bá jẹ́ tútù lẹ fún un, òun náà á dáná. Òórùn ọbẹ̀ á jáde láti ilé tiẹ̀ náà, àwọn ọmọ ẹ̀ á fá ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí àlejò bá dé á ní nǹkan tó máa gbé ka iwájú ẹ̀, òun náà á sì bu tiẹ̀ fún ẹlòmíì. Ìyẹn ló ń jẹ́ pé èèyàn ṣọdún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yà á ní fọ́tò. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ lọ lálẹ́, kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ kí i tó bá jẹ́ àgbà, kẹ́ ẹ sọ pé ẹ ní kí òun bá yín ṣọdún ni.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń pariwo ilé sí ilé yìí ṣì ń dùn mí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún 2024, ọmọ márùndínlógójì ló kú nígbà tí èrò ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀ ní Bàṣọ̀run n'Ìbàdàn níbí, níbi tí wọ́n ti pè wọ́n pé kí wọ́n wá gba ẹ̀bùn ọdún. Ọjọ́ 21 oṣù yẹn ni irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín ìrẹsì l'Ábújá àti ní Òkìjà, ìpínlẹ̀ Anambra. Ebi ló lé àwọn èèyàn yẹn jáde. Mi ò dá ẹni tó fẹ́ ṣoore lẹ́bi, àmọ́ ká ní ojúlé kọ̀ọ̀kan ń mójú tó ojúlé kan tó wà nítòsí ẹ̀, kò ní sí ohun tó máa mú ìyá gbé ọmọ jáde láfẹ̀mọ́júmọ́ lọ tò fún oúnjẹ ọdún. Ṣọ́ọ̀ṣì tó bá fẹ́ pín nǹkan, ẹ kó o fún àwọn tó mọ ilé àwọn ọmọ ìjọ, kí wọ́n gbé e lọ bá wọn.

Ẹni tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ ẹ̀ ò sì dandan kó jẹ́ ará ṣọ́ọ̀ṣì yín. Àwa Yorùbá ṣáà mọ̀ pé inú ilé kan náà ni Ààfáà àti Pásítọ̀ ti ń jáde. Ẹran Iléyá tí Àlàájà ilé kejì ń fún wa kì í béèrè ibi tá a ti ń gbàdúrà, àwọn ọmọ ẹ̀ sì ti mọ ìkòkò Kérésì wa. Bó ti wà látilẹ̀ náà nìyẹn. Nígbà tí òjíṣẹ́ Ọlọ́run Thomas Birch Freeman lọ Abẹ́òkúta ní Dìsẹ́ńbà ọdún 1842, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí Ẹ̀gbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, kì í sì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì. Freeman padà dé Bàdágírì ní ọjọ́ 24, ó bá òjíṣẹ́ Ọlọ́run mìíràn, Henry Townsend, níbẹ̀, Mẹ́tọ́díìsì lọ̀kan, Áńgílíkà lèkejì, wọ́n jọ ṣe Kérésì. Àjèjì tí wọ́n gbà sílé ló gbé ọ̀rọ̀ Jésù dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn amòye tó wá láti ìlà oòrùn náà ńkọ́, ọmọ tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n gbé wúrà, tùràrí àti òjíá fún, èmi sì gbà lọ́kàn mi pé wúrà yẹn ni Jósẹ́fù fi gbọ́ bùkátà nígbà tó gbé ìyá àtọmọ sá lọ Íjíbítì.

Tí owó ò bá tó, ẹ ṣe èyí tó tó. Kóńgò kan, ìgò òróró kan, kò kéré. Ẹni tí òun fúnra ẹ̀ ò ní lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi pa mọ́ra, ẹ sọ fún ẹnì kan, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ọmọ tá à ń ṣọdún ẹ̀ yìí náà, àyè tí wọ́n rí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Sátidé tó ń bọ̀ la máa lọ Bódìjà láàárọ̀. Àpò ìrẹsì kan la fẹ́ rà, a sì fẹ́ pín in sí mẹ́rin fún àwọn ilé tó wà nínú lísìtì. Ẹni tó bá wà n'Ìbàdàn tó fẹ́ dá sí i, tàbí tó mọ ilé kan tó yẹ ká fi kún un, kó kọ ọ́ sí mi ní ínbọ́ọ̀sì, ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síta níbí o.