Oògùn Tí À Ń Fín Léraléra Lè Sọ Kòkòrò Di Púpọ̀ Sí I

Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló gbà pé bí kòkòrò tó ń fa oje ewé mu bá ti yọ lóko, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí a gbé ẹ̀rọ oògùn kọ́ ẹ̀yìn, kí a sì máa fín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí a kò fi ní rí ẹyọ kan mọ́. Èrò náà rọrùn láti gbà, nítorí pé lọ́jọ́ tí a bá fín in, a ó rí òkú wọn nílẹ̀. Ohun tí ojú kò rí lọ́jọ́ náà ló ń ba iṣẹ́ ọ̀hún jẹ́.

Ẹ wo eṣinṣin funfun, èyí tó máa ń fò pìrì bí a bá fọwọ́ kan ewé tòmátò. Abẹ́ ewé ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ tó bá ti inú ẹyin jáde yóò rìn díẹ̀, yóò ki ẹnu rẹ̀ tó rí bí abẹ́rẹ́ bọ inú ewé, yóò sì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ pẹrẹsẹ bí ìpẹ́ ẹja títí yóò fi hu ìyẹ́. Níbi tí ojú ọjọ́ bá ti gbóná, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ló ń gbà á láti ẹyin dé àgbà. Bí a bá wá ń fín oògùn láti òkè, àwọn àgbà tó ń fò ni ó sábà máa ń bá, nígbà tí ẹyin àti ọmọ fara pamọ́ sábẹ́ ewé. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ní oògùn ni kò lágbára, yóò sì pò ó nípọn ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ike lọ.

Ti aphid, kòkòrò kékeré mìíràn tó ń fa oje ewé mu, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ewé bá ń tutù yọ̀yọ̀, abo ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó bí, ọmọ ààyè ni wọ́n sì ń bí. Kódà, ọmọ tó wà nínú ìyá ti ń gbé oyún tirẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Láàárín ọjọ́ 7 sí 10, bí ooru bá bá a lára mu, òun náà ti di ìyá. Bí oògùn bá pa 95 nínú 100, àwọn 5 tó ṣẹ́ kù, tí wọ́n sì lè jẹ́ àwọn tí oògùn náà kò ràn, ni yóò bí èyí tí yóò tún kún oko.

Àwọn tó ń pa wọ́n jẹ kì í tètè pọ̀ tó báyẹn. Bí ẹ bá yí ewé padà, tí ẹ rí aphid kan tó wú, tó le gbagidi, tó sì pọ́n bí erùpẹ̀, òkú ni. Agbọ́n kékeré kan, tí kò tóbi ju èèrà lọ, ló yé ẹyin sínú rẹ̀, tí ọmọ agbọ́n sì jẹ inú rẹ̀ tán. Ihò róbótó tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni agbọ́n tuntun gbà jáde. Oògùn tí kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá yóò pa agbọ́n yìí, yóò pa alántakùn, oko yóò sì ṣófo sílẹ̀ de àwọn aphid tó ń bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóko ìrẹsì ní orílẹ̀-èdè Indonéṣíà nìyẹn. Kòkòrò kékeré kan tó ń fa oje ìrẹsì, tó sì ń yé ẹyin sínú igi rẹ̀ níbi tí oògùn kò ti lè tètè dé, ń pọ̀ sí i bí wọ́n ṣe ń fín oògùn. Lọ́dún 1986, ìjọba fòfin de oríṣi oògùn 57 lórí ìrẹsì. Kòkòrò náà dínkù, ìkórè kò sì torí ìyẹn já wálẹ̀.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fín oògùn láéláé. Ṣùgbọ́n abẹ́ ewé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ọṣẹ olómi tí a pò mọ́ omi ń pa èyí tó bá kàn lára, nítorí náà abẹ́ ewé ni kí a darí rẹ̀ sí. Kí a má fi ajílẹ̀ náítírójìn kẹ́ ewé jù, torí ewé rírọ̀ ni aphid fẹ́. Kí a sì dínà mọ́ èèrà, tó ń ṣọ́ aphid nítorí omi dídùn tó ń jáde lára wọn. Bó bá wá jẹ́ pé ihò róbótó ti pọ̀ lẹ́yìn àwọn aphid tó wà lábẹ́ ewé, kí a gbé ẹ̀rọ oògùn padà sílé, kí a tún wá wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta.